Oyin Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ohun tó kọ́kọ́ kó Tẹ́júọlá nírìíra láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rín ni. Ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà lẹ́nu ọ̀nà kúárì dìde, ó yọjú wo inú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì béèrè pé ẹnjiníà dà. Tẹ́júọlá ní òun rèé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, ẹni tó fẹ́ tún kírọ́ṣà ṣe lòun ń béèrè. Irú ẹ̀rín yìí ti sú Tẹ́júọlá pátápátá. Gbogbo ibi tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn bá ti rán an lọ tún ẹ̀rọ ńlá ṣe ló ti ń pàdé rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni gbogbo wọn ti lọ kọ́ ọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà iṣẹ́, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kí ó wá bá òun gbé bẹ́árìn tuntun tó wà nínú àpótí. Ọkùnrin náà gbé e wò, àpótí kò mì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Ayọ̀dèjì lorúkọ rẹ̀, òun ni máníjà ibẹ̀. Kúárì náà wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìlá lọ sí Ọ̀rà, eruku òkúta sì ti bo gbogbo oko tó yí i ká títí ewé kòkó fi funfun bí ẹni tó kun àtíkè. Alàgbà Bólúwadúró ló ni ín, ọmọ Ìlá tó ń ṣòwò l'Ékòó, tó máa ń wálé nígbà ọdún àti nígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun. Kò tíì pẹ́ tó ra ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní kírọ́ṣà. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀rọ náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó rú èéfín, ó sì dúró pa. Bẹ́árìn rẹ̀ kan ti jóná, ìyẹn òrùka irin ńlá tí ọ̀pá àárín ẹ̀rọ máa ń yí nínú rẹ̀.

Ayọ̀dèjì kò jẹ́ kí Tẹ́júọlá sinmi kó tó sọ ohun tí wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Alàgbà ti wọ ìlú, pé bó bá dọ̀sán òun àti ìyá rẹ̀ yóò wá sí kúárì. Ó ní bí ẹnjiníà bá ti lè sọ pé àìkíyèsára ló ba ẹ̀rọ jẹ́, iṣẹ́ Fàrúkù tó ń tọ́jú kírọ́ṣà parí lónìí nìyẹn, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹnu yín là ń wò," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín mìíràn. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Fàrúkù fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kírọ́ṣà. Ọmọ Ọ̀rà ni, ó ga, ó gbẹ, eruku dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ti ṣí gbogbo irin tí wọ́n fi dáàbò bo ẹ̀rọ kúrò kí Tẹ́júọlá tó dé. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," ó gba àpò sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì béèrè ẹnjiníà kankan. Ó níyàwó, ó lọ́mọ. Àwọn tó ní kúárì ní agbègbè yẹn mọra wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé ó ba kírọ́ṣà jẹ́, kò sẹ́ni tó máa pè é síṣẹ́ mọ́ láti Ìlá títí dé Ìrèsì. Tẹ́júọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fàrúkù náà mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ bẹ́líìtì, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ìgbérù gbé àgbá irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kúrò, àwọn lébìrà ń fà á, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí. Àwọn nọ́ọ̀tì tó di ìbòrí ilé bẹ́árìn mú le bí ẹni pé wọ́n fi iná jó wọn mọ́ ọn ni. Tẹ́júọlá fi páìpù gígùn kún ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, ó ki irin pẹlẹbẹ bọ etí ìbòrí náà, ó sì fi ṣí i kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má jẹun lọ́wọ́. Tẹ́júọlá mọ òórùn ọ́ìlì tó jóná, ó mọ ti gíríìsì tó ti bà jẹ́. Ó ti bá òkú eku nínú ẹ̀rọ rí, kò sì torí ẹ̀ tutọ́. Èyí yàtọ̀. Ẹja tó ti rà, ohun dídùn kan tó kan kó tó jóná, epo pupa tó ti kẹ̀, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ó wọ imú lọ, ó sì jókòó sọ́nà ọ̀fun. Ohun tó wà nínú ilé bẹ́árìn náà dúdú, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá tó sùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó rí kóró wẹ́wẹ́. Ó rí egungun ẹja, ó rí awọ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ara irin bí ìgbà tí àwo bá gbẹ láìfọ̀. Eṣinṣin ti dé kí ó tó gbójú sókè.

Ó sáré lọ sẹ́yìn típà kan, ó sì bi gbogbo ògì àti àkàrà tó jẹ ní Ìkìrun sílẹ̀.

Nígbà tó máa padà dé, kò sí lébìrà kan nídìí ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀kan ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òmíràn tẹjú mọ́ fóònù, àwọn tó kù ti rí iṣẹ́ tí wọn ò rí láti àárọ̀. Ó sì wá yé Tẹ́júọlá pé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí nìyẹn. Tí wọ́n bá bá egungun ẹja nínú ikùn irin, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó máa ń ṣàwàdà láàárín wọn.

Ayọ̀dèjì nìkan ló sọ̀rọ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó ní ṣé ẹnjiníà ti fojú ara rẹ̀ rí i báyìí, pé òògùn gidi lèyí, pé láti ọjọ́ tí Fàrúkù ti dé lòun ò ti fọkàn tán an. Fàrúkù wolẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ayọ̀dèjì fa Tẹ́júọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ báni kẹ́dùn. Ó ní kí wọ́n má fa ọ̀rọ̀ òògùn gùn, kí Alàgbà má baà bínú jù, kí ẹnjiníà kàn sọ pé Fàrúkù kò bu ọ́ìlì sí ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ó ní ohun tó wà nínú bẹ́árìn kò kan ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dà á sígbó. Bó ṣe ń sọ ọ́, Tẹ́júọlá ń wo ẹnu rẹ̀. Eyín rẹ̀ funfun, ó dọ́gba, ó mọ́. Ó ro ó nínú ara rẹ̀ pé òórùn inú bẹ́árìn ṣì sàn ju ọkùnrin yìí lọ, torí òórùn náà kò díbọ́n pé òun ń ta sánsán. Ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó mú abọ́ ike kan, ó fi ọ̀bẹ tí kò mú kó gbogbo ẹ̀gbin náà sínú rẹ̀, ó gbé e sórí òkúta kan níbi tí kò ti ní dànù. Lẹ́yìn náà ni òun àti Fàrúkù bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísẹ́ẹ̀lì àti àkísà fọ inú ilé bẹ́árìn, orí wọn súnmọ́ra, àwọn méjèèjì ń gba ẹnu mí. Ó bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yìí. Fàrúkù ń nu irin lọ. Ó tún bi í. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò, ó sì sọ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà pé ọjọ́ kẹjọ ní kúárì, Alàgbà Bólúwadúró sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbàdúrà sí i o. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ. Wọ́n na àtíbàbà, wọ́n se ìrẹsì, pásítọ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, wọ́n sì pe kírọ́ṣà náà ní Ìyanuolúwa. Màmá Zipporah, ìyá Alàgbà, ni wọ́n gbé àwo ìsọmọlórúkọ lé lọ́wọ́: oyin, iyọ̀, epo, omi, obì, orógbó, ataare, ẹja arọ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ máa ń tọ́ wò ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tọ́ wò. Nígbà tó kan kí wọ́n fi sí i lẹ́nu, Alàgbà béèrè pé ẹnu rẹ̀ dà. Fàrúkù na ọwọ́ sókè síbi tí wọ́n ń da òkúta sí, ó ní ibẹ̀ yẹn ni. Alàgbà wò ó pé ibẹ̀ ga jù, pé ìyá òun kò lè gun àkàsọ̀ irin pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn. Ó tọ́ka sí ihò kékeré tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́árìn, ó ní ṣebí ibi tó ti ń mumi nìyẹn, ibẹ̀ náà lẹnu rẹ̀. Fàrúkù ní, "Sà, ẹnu kọ́ nìyẹn." Alàgbà ní kó ṣí i.

Ó ṣí i. Màmá sì fi síbẹ̀. Ká ní ìwọ̀nba bíńtín tí wọ́n ń fi kan ọmọ lẹ́nu ni, ẹ̀rọ lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tóbi, Màmá sì lawọ́. Wọ́n ní ọmọ tó tóbi tó báyìí kò lè fi ìka kan yó. Ìgò oyin ni wọ́n dà sí i. Wọ́n já ẹja sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ń ti ataare lọ sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Fàrúkù ní òun fẹ́ fa gbogbo ọ́ìlì náà jáde kí òun bu tuntun. Ayọ̀dèjì ló dí i lọ́wọ́. Ó ní ta lẹni tó fẹ́ da àdúrà ìyá Alàgbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fàrúkù tẹ Alàgbà láago, ohun kan náà ni Alàgbà sọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú iyọ̀ nínú nìyẹn, títí ó fi jẹ ara rẹ̀ run.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tẹ́júọlá, ó sì kú sí i lọ́fun. Gbogbo àwọn tó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn yìí ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló jẹ ìrẹsì. Ayọ̀dèjì tó ń pè é lóògùn ló di agbóhùnsókè mú fún pásítọ̀. Tẹ́júọlá ní kí ló dé tí Fàrúkù kò sọ ọ́ síta, ṣé ó fẹ́ lọ sùn lẹ́yìn irin nítorí ẹja arọ̀ ni.

"Màmá ló tọ́ mi, mà," ni Fàrúkù wí. "Ìyá mi kú, wọ́n mú mi sílé wọn n'Ìlá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bó bá di oṣù ààwẹ̀, àwọn ni wọ́n ń dìde se sààrì fún mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ wọn ló ba ẹ̀rọ ọmọ wọn jẹ́, ó lè wó wọn lulẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má dárúkọ wọn."

Inú ń bí Tẹ́júọlá sí Fàrúkù náà. Irú sùúrù yìí máa ń kó o nírìíra, sùúrù tí àwọn ènìyàn bíi Alàgbà ń gùn bí ẹṣin. Síbẹ̀, kò mọ ohun tó máa sọ bí wọ́n bá bi í.

Wọ́n fọ ilé bẹ́árìn náà títí irin fi ń dán. Wọ́n fi iná gé òrùka tó jóná kúrò lára ọ̀pá. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́ ní ihò-ihò bí eyín tó kẹ̀. Tẹ́júọlá gbé ìkòkò ńlá kaná, ó da ọ́ìlì mímọ́ sí i, ó ri bẹ́árìn tuntun sínú rẹ̀ kí ooru lè jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó tó, ó wọ ìbọ̀wọ́, òun àti Fàrúkù gbé e pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì tì í wọ ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó tutù. Ó wọlé láìlọ́. Òun nìkan ni ohun tó dára tí Tẹ́júọlá rí lọ́jọ́ náà, ó sì dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Fàrúkù bu ọ́ìlì sí i, ó fi àkísà tó mọ́ nu etí ihò náà yíká, ó dé e pa.

Ọkọ̀ Alàgbà dé bí wọ́n ṣe ń mú bẹ́líìtì padà sípò. Ọkọ̀ funfun ni. Ó dúró lókèèrè kí eruku má baà bà á. Alàgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ àlà, ó fi áńkáṣíìfù símú kí òórùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ ṣì jókòó níwájú ọkọ̀, ìyá kékeré kan tí gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ bò lójú, agbọ̀n wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn lébìrà padà yọ láti ibi tí wọ́n sá sí, nítorí ọ̀gá dé.

Alàgbà kí ẹnjiníà kú iṣẹ́, ó sì béèrè ohun tó rí. Ayọ̀dèjì ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà sọ, Tẹ́júọlá gbọ́wọ́ sókè dá a dúró.

"Oyin ni mo rí, sà," ló wí. "Oyin, iyọ̀, epo, ataare àti ẹja. Ó wà nínú abọ́ yẹn."

Ojú Alàgbà yí sí ọkọ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó sì yára padà. Tẹ́júọlá rí i. Ó rí i pé kì í ṣe òní ni ọkùnrin yìí mọ ohun tó ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí èéfín ti rú ló ti mọ̀, ó sì ti ń wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi náà. Alàgbà ní ohun yòówù kó wọ inú ẹ̀rọ, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó ní Fàrúkù ló ń ṣí ihò ọ́ìlì, òun ló ń tì í. Ó ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀, kí Ayọ̀dèjì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wá yí sí Tẹ́júọlá, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró, ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá padà dé Ìbàdàn, kó sọ ní ilé iṣẹ́ wọn pé ọ́ìlì ló gbẹ, ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé.

Tẹ́júọlá ya ẹnu rẹ̀ láti sọ ọ́ síta, pé ta ló tọ́ka sí ihò, pé ta ló ní kí wọ́n má fa ọ́ìlì jáde. Fàrúkù ń wò ó. Ojú tó fi ń wò ó ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, Tẹ́júọlá sì pa ẹnu dé.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Màmá Zipporah sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n béèrè kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n padà sínú ọkọ̀. Wọn kò padà. Wọ́n rìn dé ibi tí abọ́ wà, wọ́n tẹ̀, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka méjì mú kóró kan níbẹ̀, wọ́n rà á mọ́ àtàǹpàkò.

"Ataare mi nìyí," ni wọ́n wí.

Àwọn lébìrà ń wolẹ̀. Màmá gbójú sókè, wọ́n fi Alàgbà sílẹ̀, wọ́n fi Ayọ̀dèjì sílẹ̀, wọ́n wo obìnrin tí ọ́ìlì yí lára.

"Ọmọ mi, ṣé ohun tí mo fún un jẹ ló pa á?"

Fàrúkù mi orí sí Tẹ́júọlá pé kó má sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ti pọ̀ jù ní kúárì náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí àyè fún òmíràn lọ́fun Tẹ́júọlá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òun ni."

Màmá fọwọ́ ti òkúta tí abọ́ wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ní èdè Ìgbómìnà ìlú wọn, kíákíá, lóhùn ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá etí Tẹ́júọlá tó dàgbà sí Ìbàdàn. Ó gbọ́ pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀. Ó gbọ́ pé wọ́n rán an létí ẹni tó tọ́ka sí ihò náà, àti ẹni tó sọ pé ẹnu kọ́ nìyẹn, tí ó jágbe mọ́. Alàgbà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé ilé." Ó fẹ́ dì wọ́n lápá mú. Wọ́n já apá wọn gbà.

"Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ," ni Màmá wí, wọ́n gbé ohùn sókè báyìí kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, "gbogbo wa la tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tọ́ ọ wò. Pásítọ̀ tọ́ ọ wò. Fàrúkù ń gbààwẹ̀, ó gbé tirẹ̀ sínú bébà títí ó fi ṣínu. Ìwọ nìkan lo ní ṣúgà ń dà ọ́ láàmú. Bàbá ọmọ kò tọ́ oyin ọmọ rẹ̀ wò, mo sì gbójú fò ó."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti ti ìka wọn bọ inú abọ́. Tẹ́júọlá pariwo pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka náà jáde, ó dúdú, ó ń fà, eṣinṣin kan bá a jáde. Màmá fi í sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀, ọ̀fun wọn lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ti ìka náà bọ inú abọ́, wọ́n sì nà án sí ọmọ wọn.

"Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bi Fàrúkù, wọ ọkọ̀ rẹ máa lọ," ni wọ́n wí. "Bí kò bá jẹ́ tirẹ̀, ya ẹnu."

Ẹ̀gbin ń kán láti orí ìka arúgbó náà sórí bàtà Alàgbà. Alàgbà wo ọkọ̀ rẹ̀, ó wo àwọn lébìrà, ó wo Ayọ̀dèjì, ẹni tí kò sí níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ará kúárì dúró, wọ́n ń wò ó. Màmá kò fa ọwọ́ wọn padà. Nígbà tó yá, ó yọ áńkáṣíìfù kúrò nímú, ó tẹrí ba níwájú ìyá rẹ̀, ó sì ya ẹnu.

Kò gbé e mì. Ó sáré dé ìdí táyà ọkọ̀ funfun náà, ó dì í mú, ó bì títí kò fi sí ohun tó kù tó lè bì. Fàrúkù ló bu omi lọ fún un. Ó di ike omi náà mú fún un, Alàgbà ń fi ọwọ́ bù ú ṣan ẹnu, kò wojú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Lọ tan ẹ̀rọ." Kò tọrọ àforíjì, kò sì dárúkọ ọlọ́pàá mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó gbé gíláàsì sókè.

Fàrúkù tan ẹ̀rọ. Bẹ́árìn tuntun yí láìdún, òkúta àkọ́kọ́ wọ inú kírọ́ṣà, ó fọ́, àwọn lébìrà hó. Tẹ́júọlá kò bá wọn hó. Ó mú omi tó kù nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ bá Màmá Zipporah tó ṣì dúró ti òkúta, ìka wọn dúdú, ètè wọn dúdú. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣan ẹnu wọn, kí wọ́n tu ú, pé kò dára lára.

Màmá gba omi náà, wọ́n fi fọ ọwọ́ wọn nìkan.

"Tèmi ti lọ sísàlẹ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fún un jẹ."

Wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àwọn lọ síbi tí Fàrúkù nawọ́ sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ibi tí ẹnu ẹ̀rọ náà wà gan-an.